Rúlà àti Okùn Yẹ́lò

Kì í ṣe ìyá tó bí i ló sọ ọ́ ní Rúlà. Ojú rẹ̀ ló fún un lórúkọ. Bó bá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, tí o sì gbé ṣẹ́ẹ̀tì ọmọléèwé kan sókè ní ìparí yàrá lọ́hùn-ún, á sọ fún ọ pé kọ́là apá òsì fi ìbú òwú méjì gùn ju ti ọ̀tún lọ. O lè pè é ní aláṣejù, ṣùgbọ́n bó o bá mú téèpù tó o wọ̀n ọ́n, ojú á tì ọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi jókòó sídìí máṣíìnì nílé iṣẹ́ kan náà tí wọ́n ti ń rán aṣọ iléèwé, kò sì sí ẹni tó tíì fi téèpù borí rẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe bíi pé òun ò mọ̀. Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Tèmi ni pé ẹni tó mọ iṣẹ́ tó wá ń ṣojú bíi pé kò mọ̀ ọ́n, irọ́ ni onítọ̀hún ń pa.

Yàrá méjì ni ilé iṣẹ́ náà, ògiri kan ló là wọ́n láàárín. Ní yàrá àkọ́kọ́, àwọn ọkùnrin ló ń gé aṣọ lórí tábìlì gígùn kan. Ní yàrá kejì, obìnrin mẹ́jọ ló ń rán ohun tí wọ́n gé. Ẹnì kan ń rán apá, ẹnì kan ń rán ẹ̀gbẹ́, ẹnì kan ń ṣe kọ́là, Rúlà ń so kọ́là mọ́ ọrùn aṣọ, bọ́tìnì ló ń gbẹ̀yìn. Bí èrò ọkọ̀ ni wọ́n ṣe jókòó, kálukú kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹni ẹ̀yìn bá parí mẹ́wàá, á dì wọ́n pọ̀, á fi okùn tí wọ́n ya láti ara etí aṣọ so wọ́n, á sì nà án sí ẹni iwájú. Kálukú ló ní àwọ̀ okùn tirẹ̀, kí wọ́n lè mọ ọwọ́ tí àbùkù bá ti wá.

Okùn yìí, ẹ má fojú kéré rẹ̀ o. Bí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ bá fẹ́ràn rẹ, kókó fà-á-tú ló máa ta fún ọ. Wàá fi ìka méjì fà á, ìdì á sì ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ. Bó o bá ti ṣẹ̀ ẹ́, kókó líle ni wàá rí. Á ta á lẹ́ẹ̀mẹta, á feyín fà á, á wá gbé e fún ọ pẹ̀lú "ẹ kú iṣẹ́ o" tó dùn bí oyin. O ò sì gbọ́dọ̀ fi àlùmọ́gàjí gé e, torí ẹnì kan ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ó gé apá ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́fà mọ́ ọn, láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti fòfin dè é. Èékánná àti abẹ́rẹ́ ńlá lo máa fi tú u, ìṣẹ́jú mẹ́wàá á sì bá a lọ. Ta lo fẹ́ fẹjọ́ sùn? Kí lo fẹ́ sọ pé ó ṣe? Pé ó so okùn? Ẹ̀rín ni wọ́n á fi ọ́ rín.

Ní yàrá àwọn ọkùnrin, ìjà kò ní àṣírí kankan. Agéṣọ méjì ló máa ń jà jù níbẹ̀, ọ̀kan taagun, wọ́n ń pè é ní Gìrìpá, èkejì gùn bí ọ̀pá, òun ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì sára aṣọ lásán lè dá ogun sílẹ̀ láàárín wọn. "Ìwọ lo mú ṣọ́ọ̀kì mi!" "Ṣé orúkọ ẹ wà lára ẹ̀ ni?" Kó o tó ṣẹ́jú, wọ́n ti di ara wọn láṣọ mú. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán, wọ́n ti ń bu oúnjẹ nínú abọ́ kan náà. Ọkùnrin tó ni ilé iṣẹ́ náà, tí gbogbo wọn ń pè ní Ọ̀gá, á wá kó ọwọ́ sẹ́yìn, á máa mi orí. "Ẹ lọ wo àwọn obìnrin níbẹ̀ yẹn. Ẹ ti gbọ́ ariwo wọn rí? Obìnrin kì í jà!" Àwọn obìnrin mẹ́jọ á rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹnì kan nínú wọn á sì wà níbẹ̀ tó ń fi èékánná tú kókó líle.

Rúlà mọ ìjà yẹn dáadáa, torí òun náà ti jà á rí. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó wọ ilé iṣẹ́ náà, kò sì mọ̀ ju kó fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì lọ. Obìnrin àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Oníkọ́là ló mú un bí ọmọ. Ìyá yìí á di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí aṣọ, á ní, "Má wo abẹ́rẹ́, ọmọ mi. Ibi tó ń lọ ni kó o máa wò." Gbolóhùn yẹn ló sọ ọ́ di Rúlà. Ní ọdún kẹrin, ìròyìn kàn pé wọ́n fẹ́ fi Ìyá Oníkọ́là ṣe igbákejì ọ̀gá iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó bá a jà, kò sì sẹ́ni tó sọ pé kò tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, gbogbo ìdì tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń ní kókó líle, Rúlà, tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ nígbà náà, sì wà lára àwọn tó ń ta á.

Bó o bá bi í léèrè ìdí, kò ní lè sọ. Ó kàn ń ṣe é lọ́kàn bíi pé bí ẹnì kan bá gòkè láàárín wọn, àwọn tó kù ti relẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìyá náà ní ẹ̀yìn ń dun òun, òun á lọ sinmi nílé. Gbogbo wọn sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń dì mọ́ ọn, omijé ń bọ́. Inú ni ẹ̀jẹ̀ wà, itọ́ funfun là ń tu jáde. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti kọjá, ṣùgbọ́n bí Rúlà bá rántí rẹ̀, ojú ara rẹ̀ ṣì ń tì í.

Èyí ló jẹ́ kí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà bà á lẹ́rù. Bàbá Onígíláàsì, tó jẹ́ ọ̀gá iṣẹ́ lórí yàrá méjèèjì, ní ojú òun kò gbé òwú mọ́, òun fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá bá kó gbogbo wọn jọ sẹ́nu ilẹ̀kùn àárín.

Ó ní, "Ẹni tó bá rò pé òun lè ṣe iṣẹ́ Bàbá, kó wá sọ fún mi. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni màá fún yín kẹ́ ẹ fi darí iṣẹ́. Ẹni tí ṣẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ bá pọ̀ jù, tí kò sì lábùkù, òun ló nipò."

Kò tíì pa ẹnu dé tí Gìrìpá ti na ọwọ́ sókè. "Èmi rèé, sà! Ẹ má wulẹ̀ wá ẹlòmíì mọ́!"

"Ìwọ tí ìlà tó o gé máa ń rìn bí ọ̀mùtí?" Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló fún un lésì. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, Gìrìpá náà rẹ́rìn-ín, ó sì tún na ọwọ́ náà sókè.

Àwọn obìnrin ń wo ilẹ̀. "Ta ló fẹ́ wàhálà?" ni ẹnì kan sọ. Ẹni tó rẹ́rìn-ín jù nínú wọn ni ẹni tó ń ṣe kọ́là, tó jókòó sẹ́yìn Rúlà gẹ́lẹ́. Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pè é, torí kò sí ohun tí kò lè pa á lẹ́rìn-ín. Ọdún méjìlá ni òun àti Rúlà ti jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń mu. Òun ló gbé ọmọ kejì tí Rúlà bí pọ̀n nígbà tí ibà dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀. "Èmi?" ni Ẹlẹ́rìn-ín wí. "Kí n máa pariwo lé ọmọlọ́mọ lórí? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Rúlà náà rẹ́rìn-ín. "Èmi náà ò lè ṣe é o."

Irọ́ gbuu. Ó fẹ́ iṣẹ́ náà débi pé àyà rẹ̀ ń gbóná. Ó ti ń wo Bàbá Onígíláàsì láti ọjọ́ pípẹ́, ó mọ gbogbo ibi tí iṣẹ́ ti ń dúró àti ìdí tó fi ń dúró. Nígbà tí wọ́n ṣíwọ́, ó jẹ́ kí Ẹlẹ́rìn-ín ṣáájú, ó ní òun gbàgbé ìborùn òun, ó sì padà wọlé lọ bá Ọ̀gá. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kọ orúkọ mi mọ́ ọn."

Ó rò pé òun á rí àyè sọ fún Ẹlẹ́rìn-ín fúnra òun. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò fún un láyè. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó yọ orí gbọọrọ láti yàrá àwọn ọkùnrin, ó ké tantan: "Àǹtí Rúlà! Ẹ kú oríire o! Ẹ̀yin àti Gìrìpá lẹ jọ máa wọ ọ́ báyìí!" Máṣíìnì dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Rúlà kò lè yíjú padà. Ó kàn ń dúró kí ẹ̀rín kan dún lẹ́yìn òun bí ó ṣe máa ń dún, ẹ̀rín náà kò sì dún.

Gìrìpá ló kọ́kọ́ darí. Ó gbé ariwo yàrá àwọn ọkùnrin wá sí yàrá àwọn obìnrin, ó ń na ìka, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń ké "Ó yá, ó yá!" Àwọn obìnrin ń dá a lóhùn pé, "Ó dáa, sà," wọ́n sì ń rọra tẹ máṣíìnì bí ẹni tó ń tẹ ẹ̀gún. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́wàá ni ṣẹ́ẹ̀tì tó jáde ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Gìrìpá gbà pé òun fìdí rẹmi, kò fi bò. "Wọ́n nà mí," ló ń sọ fún gbogbo èèyàn. "Ẹnikẹ́ni ò bá mi jà o. Wọ́n kàn jẹ́ kí n máa dá jà ni." Ó padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó ń súfèé.

Ó kan Rúlà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìdì kọ́là àkọ́kọ́ dé láti ẹ̀yìn. Okùn yẹ́lò ni wọ́n fi so ó, àwọ̀ Ẹlẹ́rìn-ín. Rúlà fi ìka méjì fà á, kò tú.

Ó wo kókó náà. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ojú ọ̀tá àtijọ́. Ó mú abẹ́rẹ́ ńlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Nígbà tó fi máa tú, okùn náà ti ya jánkajànka, kò wúlò mọ́, ó bá jù ú sínú agolo bọ́tìnì tó ṣófo lábẹ́ máṣíìnì rẹ̀. Ìdì kejì dé, bákan náà ló rí. Ìkẹta náà dé. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa," ni ohùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń sọ. "Ọ̀gá wa" yẹn ló dùn ún ju kókó lọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èékánná rẹ̀ méjì ti kán, iṣẹ́ ti ń kó jọ níwájú rẹ̀, àwọn tó ń rán bọ́tìnì ti ń káwọ́ lérí, wọ́n ń dúró dè é. Bí iṣẹ́ bá dúró ní ọrùn aṣọ, gbogbo ilé ló dúró. Bí ọ̀sẹ̀ náà bá lọ báyìí, kò ní í débi tí Gìrìpá dé pàápàá. Wọ́n á ní ó mọ kọ́là so, ṣùgbọ́n kò mọ èèyàn-án darí. Wọn ò sì ní í dá a sí nínú sísọ rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ bíríkìlà, rí ìka rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. "Kí ló jẹ ọ́ lọ́wọ́?" Ó ṣàlàyé fún un. Ó rú ọkùnrin náà lójú. "Okùn? Okùn lásán-làsàn? Lọ bá a kó o sọ fún un pé ohun tó ń ṣe ò dáa!"

"Bí mo bá lọ bá a, á ní kí lòun ṣe. Àwọn tó kù á ní mò ń fi ipò tí n ò tíì dé halẹ̀ mọ́ wọn."

"Kẹ́ ẹ bá ara yín jà nígbà náà, kó tán síbẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, bí a bá jà láàárọ̀, ọ̀sán ò ní í bá a nílẹ̀."

"Ẹ̀yin ọkùnrin lọkàn yín mọ́, àwa la burú, àbí?" ni Rúlà wí. Inú bí i gan-an, ó sì lọ fọ abọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní kó fọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́rú, ó lọ sí yàrá àwọn ọkùnrin lọ béèrè apá ṣẹ́ẹ̀tì. Ó bá wọn lẹ́nu ìjà. Gìrìpá ti gbé Pẹ́lẹ́ńgẹ́ nílẹ̀ bí àpò, èkejì náà ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún un, èébú ń fò lókè. Àwọn yòókù là wọ́n. Àwọn méjèèjì kọ ẹ̀yìn síra wọn, wọ́n ń mí gúlegúle. Aṣọ tuntun kan sì wà lórí tábìlì tí wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ́ kí wọ́n tó gé e. Gìrìpá di etí kan mú, ó fà á, aṣọ náà wọ́. Ó yí i ká lọ sí òdìkejì, apá ibí tún wọ́. Ó dúró. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wò ó títí, ó pòṣé, ó wá di etí kejì mú. Wọ́n jọ gbé e sókè, wọ́n jọ sọ ọ́ kalẹ̀, ojú wọn sì pàdé lórí aṣọ náà. "Fà á síhìn-ín díẹ̀," ni Gìrìpá wí. "Mo ti fà á, ṣé o ò ríran ni?" Ìjà ti parí.

Rúlà gbàgbé apá ṣẹ́ẹ̀tì tó wá gbà. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, ọ̀rọ̀ tó ti gbọ́ láti kékeré ni, ọjọ́ yẹn ló sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Kì í ṣe pé ọkàn àwọn wọ̀nyí mọ́ ju tàwọn obìnrin lọ. Aṣọ ni kò jẹ́ kí wọ́n ráyè máa di ara wọn sínú! Ẹni tó o bá jà láàárọ̀ ni yóò di etí aṣọ kejì mú fún ọ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ṣùgbọ́n ní yàrá tiwọn, èèyàn lè fi ọdún kan bínú sí ọrùn ẹni tó wà níwájú rẹ̀, kò ní í sí ohun tí yóò mú kí ojú wọn pàdé.

Nígbà tí wọ́n dúró fún oúnjẹ ọ̀sán, ó ní kí àwọn agéṣọ wá bá òun gbé máṣíìnì. "Méjì-méjì," ló wí. "Kí wọ́n kojú síra wọn." Àwọn obìnrin ń kùn. Ọ̀kan ní láti ìgbà tí òun ti dáyé, òun ò rí i rí. Bàbá Onígíláàsì yọ gíláàsì, ó nù ún, ó tún un wọ̀, kò sọ pé rárá. Kí agogo tó lù, máṣíìnì mẹ́jọ ti di méjì-méjì ní ìkojú-síra, tábìlì kékeré sì wà láàárín èjì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó sì kojú sí Rúlà ni Ẹlẹ́rìn-ín.

Ìdì kan wà lọ́wọ́ Ẹlẹ́rìn-ín tó ti so kí wọ́n tó jẹun. Rúlà na ọwọ́. Ẹlẹ́rìn-ín kò lè gbé e fún un. Ó ti rọrùn láti nà án sí ẹ̀yìn ọrùn èèyàn, ṣùgbọ́n ojú Rúlà rèé, òógùn rèé lórí imú rẹ̀, ìka tí èékánná rẹ̀ ti kán rèé lórí tábìlì.

"Gbé e wá, kí n tú u," ni Rúlà wí. Ohùn rẹ̀ kò le.

Ẹlẹ́rìn-ín fa ìdì náà mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u fúnra rẹ̀. Ó fi èékánná wá a, kò rí ojú rẹ̀. Ó fi eyín sí i. Obìnrin mẹ́fà dáwọ́ dúró, wọ́n ń wò ó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko! Nígbà tó tú tán, omijé ti ń ṣàn lójú obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín.

"O ò sọ fún mi," ló wí. "Lẹ́nu Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni mo ti gbọ́. Ọdún méjìlá, Rúlà! O ní o gbàgbé ìborùn."

"Mi ò láyà láti sọ ọ́. Ẹ̀rù bà mí."

"Ẹ̀rù ta ni?"

"Ẹ̀rù tìẹ. Ẹ̀rù gbogbo wa. Kókó líle tí à ń ta yìí, èmi náà ta á fún Ìyá Oníkọ́là títí tó fi kúrò níbí. Ẹ̀yìn ẹ̀ ò dùn ún rárá. Àwa la lé e lọ."

Méjì lára àwọn tó wà níbẹ̀ mọ̀ pé òótọ́ ni, torí wọ́n wà níbẹ̀ nígbà náà.

Ẹlẹ́rìn-ín fi etí aṣọ nu ojú. "Èmi náà fẹ́ ẹ," ló wí, jẹ́jẹ́.

"Kí lo fẹ́?"

"Iṣẹ́ Bàbá! Ṣé ìwọ nìkan lo lójú ni? Mo fẹ́ ẹ tipẹ́. Ìgbà tí mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ yẹn, inú mi ń sọ pé àmín, ṣe é fún mi."

Rúlà wò ó, ó wò ó, ẹ̀rín gbé e. Ẹlẹ́rìn-ín náà kọ́kọ́ di ẹnu, kò lè dì í mọ́, ó bú sẹ́rìn-ín tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àga. Ó ju okùn yẹ́lò tó ya náà sínú agolo bọ́tìnì, ó sì rí àwọn mẹ́tàlá yòókù níbẹ̀. Ẹ̀rín náà tán lójú rẹ̀.

Láti ìgbà náà títí di ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ ń sáré bí omi. Nígbà tí wọ́n ka ṣẹ́ẹ̀tì, ó jẹ́ irínwó dín mẹ́rìnlá, kò sì sí ẹyọ kan tó lábùkù. Ọ̀gá ti na ọwọ́ láti bọ Rúlà lọ́wọ́. Ó ti borí. Bó bá dákẹ́, ipò ti di tirẹ̀ nìyẹn.

"Ó ku ẹnì kan, sà," ni Rúlà wí. "Ẹlẹ́rìn-ín náà fẹ́ ẹ. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀."

Gìrìpá di orí mú. "Àǹtí Rúlà, ẹ ti jẹ ẹ́ tán o!" Rúlà mọ̀.

Nínú ìdánwò yìí, ẹni tó bá ń darí ló ń jókòó síbi tí wọ́n ti ń so kọ́là, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ aṣọ wò, Gìrìpá tí kò mọ máṣíìnì-ín tẹ̀ nìkan ni kò jókòó síbẹ̀. Àwọn méjèèjì bá pààrọ̀ àga. Rúlà ló wá ń ṣe kọ́là, òun ló wá ń so ìdì fún Ẹlẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìn-ín mọ èèyàn-án darí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ó ń dá àpárá, iṣẹ́ sì ń lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, Rúlà fi ojú ka ohun tó wà nílẹ̀, ó rí i pé obìnrin yìí máa kọjá òun. Díẹ̀ ló fi máa kọjá rẹ̀. Kókó líle mélòó kan péré ti tó láti dá a dúró.

Ìdì kọ́là wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ta okùn lẹ́ẹ̀kan. Ìka rẹ̀ tún un ta lẹ́ẹ̀kejì, kò tilẹ̀ bi í léèrè. Ó gbójú sókè. Ẹlẹ́rìn-ín tẹ orí mọ́ aṣọ, ó yọ ahọ́n díẹ̀ jáde bó ṣe máa ń ṣe bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára, kò mọ ohunkóhun. Rúlà tú u. Ó ta kókó fà-á-tú, ó nà án kọjá tábìlì, ọwọ́ kan ọwọ́. Mo ti sọ pé ojú rẹ̀ ni wọ́n fi ń yìn ín, ṣùgbọ́n bó bá ṣe tèmi ni, ìka rẹ̀ ni ǹ bá yìn ní ọjọ́ yẹn.

Irínwó dín márùn-ún. Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án ni Ẹlẹ́rìn-ín fi borí. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́, Rúlà náà pa á, ó sì pa á kíkan. Ó gbé orí sókè. Ọ̀gá la ẹnu láti sọ̀rọ̀.

"Ẹ dúró ná, sà." Ẹlẹ́rìn-ín ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa agolo bọ́tìnì jáde lábẹ́ máṣíìnì, ó sì dà á sórí tábìlì níwájú Ọ̀gá. Okùn yẹ́lò mẹ́rìnlá, gbogbo rẹ̀ ya jánkajànka.

"Kí nìyí?" ni Ọ̀gá bi í.

"Ìjà obìnrin ni, sà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní a kì í jà."

Ó ṣàlàyé rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, kò fi ibì kankan pa mọ́, kò sì di ẹ̀bi ru ẹlòmíràn. Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá ni mo jí lọ́wọ́ ẹ̀, lọ́nà mẹ́rìnlá. Ó ti lé ní wákàtí méjì. Láàárín wákàtí méjì, yàrá wa ń rán ogún ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi ogún lé tiẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó, sà. Èmi ò borí ẹ̀. Òun ló nipò."

Ọ̀gá mú okùn kan, ó yí i sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó rí ejò nínú bàtà ara rẹ̀. Gìrìpá ló fọhùn. "Okùn yìí náà? Ẹ̀yin obìnrin yìí, ẹ léwu jù wá lọ o!" Ẹ̀rín gba ilé kan, Ọ̀gá pàápàá rín, ó sì bọ Rúlà lọ́wọ́. Rúlà kò mọ ìgbà tóun ti dì mọ́ Ẹlẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Àìkú, ó lọ sílé Ìyá Oníkọ́là. Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá arúgbó náà jẹ́ kó sọ ọ́ tán. "Mo mọ̀," ló wí. "Okùn pupa ni tìẹ. Ìwọ lo máa ń ta á le jù nínú gbogbo wọn." Ó wá na ọwọ́ sí kọ́là aṣọ tí Rúlà wọ̀, ó fi àtàǹpàkò tọ́ ọ láti ìparí dé ìparí, ó sì mi orí bí ẹni tó rí ohun rere. "Ó tọ́. Ó tọ́ gan-an ni. Dìde, ọmọ mi."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀gá iṣẹ́ tuntun yí yàrá méjèèjì ká, ó wá jókòó sídìí máṣíìnì tó fi ń so kọ́là. Ẹlẹ́rìn-ín na ìdì àkọ́kọ́ sí i kọjá tábìlì, ṣùgbọ́n kò tètè fi í sílẹ̀.

"Ọjọ́ tó o bá fẹ̀yìn tì," ló wí, "èmi ni mo kàn. Mo ń sọ ọ́ lójú ẹ báyìí o, kó o má ní o ò gbọ́."

"Mo gbọ́," ni Rúlà wí. Ó fi ìka méjì fa okùn yẹ́lò náà, ìdì ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Àmọ́ n ò tíì ń lọ o. Jọ̀ọ́, ṣe kọ́là."